Rédíò Tí A Rà Láìnájà

Ìyá ọkọ mi kò san iye tí wọ́n pe ọjà rí láyé rẹ̀. Iyọ̀ ni o, aṣọ ni o, abẹ́rẹ́ ni o, kò sí ohun tí kì í ná. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tó ná àgbàdo lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Ó ná an títí omi fi lé ròrò sójú àbúrò náà, ó wá rẹ́rìn-ín, ó sanwó, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní èènì. Bí ẹ bá rò pé ahun ni, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tí ènìyàn fi ń kí ènìyàn ni ìnájà lójú tirẹ̀. Bí ẹni kan bá pe ọjà, tí ìwọ kàn sanwó, tí o gbé e, tí o bá tìrẹ lọ, o ò bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ rárá nìyẹn. O kàn ju owó sí i bí ẹni ju egungun sí ajá ni.

Èmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ojú máa ń kán mi. Bí mo bá dúró pẹ́ nídìí ata, ẹsẹ̀ á máa yún mi, mo á ti fẹ́ sanwó kí n máa lọ. Ìyá á gbá mi lọ́wọ́ padà, á ní, "Ìyàwó, ta ló ń lé ọ?" Ọdún kẹta tí mo wọ ilé wọn ni mo ń wí yìí.

Ìfànyìn ni ilé náà wà. Òmìnira ò tí ì pẹ́. Àwọn ọmọ lekóòlù, àwọn ọmọ ilé ìwé, ṣì ń fi gbogbo ọ̀fun wọn kọrin rẹ̀ láràárọ̀, débi pé àwa tí a ò lọ lekóòlù ti mọ ọ́n sórí láìmọ ohun tó ń wí. Ọkọ mi wà ní Kútọnu, níbi tó ti ń bá wọn po kọ́ńkéré, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló sì ń wálé. Èmi àti Ìyá àti Bàbá ọkọ mi la jọ ń gbé. Epo ni èmi àti Ìyá ń fún, nígbà tí kò bá sí ẹyìn, a máa ń yan gàrí.

Nítorí Bàbá ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe ṣẹlẹ̀. Kí ojú rẹ̀ tó lọ, èkùrọ́ ló ń rà kiri. Á fẹsẹ̀ rìn dé Dáagbé, á dé Báníǹgbé, á dé Lagbè, kò sí ọjà tí kì í ná níbẹ̀. Bó bá sì ń bọ̀ nílé, kì í ru èkùrọ́ nìkan bọ̀. Ó mọ ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé, ẹni tí ìyàwó kọ̀, ẹni tó kú àti ohun tó pa á. Tó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọkùnrin àdúgbò á wá jókòó yí i ká, wọ́n á máa gbọ́ ìròyìn. Ìyá máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu ni ọkọ òun ń tà, èkùrọ́ kàn ń sìn ín lọ ni.

Nígbà tí ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, a fi oògùn sí i, a fọ̀ ọ́, a gbé e dé ọsibítù ní Àjàṣẹ́. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń wá, àwọn ló wá ń ròyìn fún un. Àmọ́ ẹni tó mọ ìròyìn í sọ ò pọ̀. Wọ́n á ní kò sí nǹkan tuntun, wọ́n á jókòó díẹ̀, wọ́n á dìde. Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́. Lọ́jọ́ kan Bàbá ká ẹní rẹ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fọwọ́ tá ògiri títí ó fi wọ yàrá, ó tẹ́ ẹní náà síbẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri. Bó ṣe wà nìyẹn fún oṣù mélòó kan.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbé ẹ̀kọ fún un. Mo gbé mẹ́rin, ó jẹ ìdajì ọ̀kan. Ó bi mí pé, "Ìyàwó, ta ló kú ní Lagbè lọ́sẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Mi ò gbọ́, Bàbá."

Ó ní, "Èmi náà ò gbọ́. Èmi ni ikú ẹlòmíràn wá ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá láìkí mi."

Mo lọ sọ fún Ìyá nídìí epo. Ó fi igi tó fi ń ro epo sílẹ̀, ó jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé. Ó ní, "Ọkùnrin yìí ń kú lọ lójú mi, mi ò sì mọ ohun tí mo lè fún un." Mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀rù lẹ́nu obìnrin yẹn rí kó tó dọjọ́ náà. Ẹ̀rù ba èmi náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú Bàbá lọ́wọ́, mò ń mú un lọ fárí. Ọ̀nà ilé olùkọ́ lekóòlù kan la gbà. Ọkùnrin náà ní rédíò kékeré kan tó máa ń gbé sójú fèrèsé. Bí a ṣe ń kọjá, ohùn kan ń ti Kútọnu sọ èdè wa nínú rẹ̀. Bàbá dúró gbọnin. Ó bi mí pé ta ló ń sọ̀rọ̀, mo ní rédíò ni. Mo fà á lọ́wọ́, kò mira. Oòrùn ń pa wá, inú ń bí mi díẹ̀díẹ̀ nítorí àgbàdo tí mo sá sílé, àmọ́ mo dúró. Nígbà tí ohùn náà dákẹ́, Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní ìjì ṣí òrùlé ilé mẹ́ta ní Kétu." Kí a tó délé, ó ti sọ ọ́ fún ẹni tó fá a lórí, ó sọ fún obìnrin kan tó kí wa lọ́nà, ó sọ fún Ìyá. Ó fi tirẹ̀ kún un pàápàá: ó ní òun mọ irú koríko tí wọ́n fi ń bolé níbẹ̀, kò lè ṣe kí ìjì má ṣí i. Ó jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá gbé àwo kúrò níwájú ọkọ rẹ̀, ó wo inú àwo náà dáadáa, ó wá bá mi nídìí ààrò. "Èló ni wọ́n ń ta nǹkan tó ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

Bí a ṣe wọ ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ nìyẹn. Bùtíkì kan wà tí wọ́n júwe fún wa, ó mọ́ tónítóní, ilẹ̀kùn rẹ̀ ní gíláàsì. Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú ló ń tajà níbẹ̀. Rédíò wà lórí pẹpẹ, ìwé pélébé kan rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí. Ìyá kì í fi faran, owó wa, ṣírò nǹkan ńlá, garawa epo ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ó ní kí n kà á fún òun. Mi ò mọ̀wé, ọkùnrin náà ló kà á. Ìyá wo òkè, ó ṣírò, ó ní, "Garawa mẹ́wàá. Ó dáa. Èló ni wàá gbà?"

Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, iye tó wà lára ìwé yẹn ni. Pirí fíìsì ni. Kò lọ, kò bọ̀."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ti rò pé eré ti bẹ̀rẹ̀. "Mo gbọ́. Ìwé ti sọ tirẹ̀. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi kọ́ ni mo ni ín, Ìyá. Ọ̀gá ló kọ ọ́."

"Ọ̀gá rẹ dà?"

"Ó wà ní Kútọnu."

"A ò lè bá ẹni tó wà ní Kútọnu nájà. Ìwọ la bá níbí. Gba garawa mẹ́rin." Ọkùnrin náà mi orí. Ìyá bá a sọ ti ojú Bàbá, ó bá a sọ ti ọ̀nà tí kò dára, ó yìn ín, ó bi í léèrè ilé bàbá rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a tan. Ọkùnrin náà ń dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àmọ́ iye náà ò kúrò níbi tó wà. Nígbà tí Ìyá dé garawa márùn-ún, ó ṣẹ́jú sí mi. Mo mọ ohun tó kàn.

Ẹni tó bá ti nájà rí mọ ìrìn yẹn. O ó kọ̀yìn sí ọjà bí ẹni pé kò tilẹ̀ wù ọ́, o ó máa lọ, àmọ́ o ò ní yára, etí rẹ á kù sẹ́yìn. Kí o tó gbẹ́sẹ̀ méje, ọlọ́jà á ké sí ọ pé padà wá, wá gbà á. Ìyá kì í dé ẹsẹ̀ kẹfà. A jáde. Mo ń kà á nínú mi. A dé ẹsẹ̀ keje, ẹnikẹ́ni ò pè wá. Ìyá dúró, ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró. A dé ogún. Ó dúró wo àwọn abọ́ táńganran tí kò fẹ́ rà. Nígbà tí a dé orígun òpópónà, ó ní, "Ó ń rò ó ni. Tó bá rò ó tán, á sáré bọ̀."

Abẹ́ igi kan nítòsí ibùdókọ̀ la jókòó sí títí oòrùn fi yẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká san iye náà." Ó ní ojú ń kán mi. Níkẹyìn, mo lọ yọjú wo bùtíkì náà. Ọkùnrin náà ń jẹ búrẹ́dì, ó ń ka ìwé ìròyìn. Mo padà wá sọ fún un.

"Kò wo ọ̀nà?"

"Kò wo ọ̀nà, Ìyá."

Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. A wọkọ̀ padà sílé. Mo ti rí i tí wọ́n bú u lọ́jà, mo ti rí i tí wọ́n lé e kúrò nídìí ọjà, ẹ̀rín ló ń fi í rín. Àmọ́ pé ẹnì kan jẹ́ kó lọ báyìí, tí kò tilẹ̀ dùn ún, ìyẹn wọ̀ ọ́ lára.

Ọjọ́ ọjà Ìgólò ló bá dé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tó bá wọ́n ní Àjàṣẹ́, ẹ ó bá a lọ́pọ̀ ní Ìgólò, nítorí pé ibodè ló wà, àwọn onífàyàwọ́ sì ń gbé ẹrù wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní òdì kejì ibodè náà. A bá ọkùnrin kan tó tẹ́ ẹní sílẹ̀, tó to rédíò mẹ́rin sórí rẹ̀. Ọ̀kan dà bí ti Àjàṣẹ́ gẹ́lẹ́. Ó tàn án, ó ń sọ̀rọ̀ ketekete. Ó pè é ní garawa mẹ́sàn-án.

Ẹ ò rí Ìyá lọ́jọ́ náà. Ara rẹ̀ yá gágá. Ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n ṣe: ó gbá àyà, ó búra, ó ní Ìyá fẹ́ pa òun, ó ní ìyàwó òun wà nínú ìrọbí. Ìyá ní kó kí ìyàwó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé garawa mẹ́rin, Ìyá kọ̀yìn sí i, ó ń lọ. Ẹsẹ̀ kẹrin ló pè wá padà. Ìyá yíjú sí mi, bó ṣe ń wò mí bí ẹni tó gba ilé bàbá rẹ̀ padà ni. Ọkùnrin náà ní kí a jẹ́ kí òun dì í dáadáa kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Ó gbé e lọ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó gbé e padà pẹ̀lú ìwé àti okùn. Ó tún fi pílì méjì ṣe èènì, àwọn òkúta tí rédíò ń jẹ. A tẹ̀ ẹ́ sínú gàrí nítorí àwọn dúáníyẹ̀ tó ń yẹ ẹrù wò lójú ọ̀nà, a sì gbé e délé.

Ọjọ́ méjì ló fi sọ̀rọ̀. Bàbá tẹ́ ẹní rẹ̀ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin mẹ́rin ló wá jókòó yí i ká. Bí rédíò bá sọ nǹkan, Bàbá á gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, á ṣàlàyé rẹ̀, á sọ èyí tí rédíò ò mọ̀. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìdí ààrò, inú mi dùn débi pé gàrí jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ń kéde òkú lọ́wọ́, rédíò náà wúkọ́, ó dákẹ́. A pààrọ̀ pílì, a sá a sóòrùn, Ìyá gbá a. Ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe tú ẹ̀yìn rẹ̀ fún wa. Òwú ìránṣọ ni wọ́n fi so àwọn wáyà inú rẹ̀ pọ̀, ẹyin ọmọńlé méjì sì wà ní igun kan. Rédíò tó sọ̀rọ̀ lójú ọjà kọ́ ni wọ́n dì fún wa lẹ́yìn ọkọ̀. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, a padà sí Ìgólò. Ibi tí ọkùnrin náà tẹ́ ẹní sí, obìnrin kan ti tẹ́ gbọ̀rọ̀ síbẹ̀. A bi í léèrè ọkùnrin onírédíò. Ó ní, "Ọkùnrin wo?"

Nígbà tí a sọ fún Bàbá, kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ìbá sàn. Ó ní, "Ẹ má dá ara yín lóró mọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀." Ó ká ẹní rẹ̀, ó fọwọ́ tá ògiri lọ sínú yàrá. Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, omi nìkan ló mu.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ojú ṣì ń tì mí, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ìyá wà nídìí epo, ó ń wí pé òun gbọ́ pé ọkùnrin mìíràn wà ní ọjà Báníǹgbé, pé ìyẹn á gbà á ní garawa mẹ́ta. N ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ borí ọlọ́jà ni, àbí ẹ fẹ́ kí Bàbá wà láàyè?"

Ìyàwó ilé kì í bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi, mo kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ sínú fọ́nrán ẹyìn, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá wò mí títí. Mo ti ń ro ohun tí ọkọ mi máa wí tó bá gbọ́.

Ó ní, "Dìde. O ò purọ́." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò mọ̀wé. Mi ò mọ òwò mìíràn. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí mo ní láyé ni pé ẹnikẹ́ni ò lè rẹ́ mi jẹ lọ́jà. Bí mo bá lọ san iye tí ọmọ yẹn kọ sára ìwé, kí ni mo wá jẹ́?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "O ń fi òwe mi nà mí." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Garawa epo mẹ́jọ ló ti tọ́jú pamọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n. Ó tà wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ní ìgbà tí epo ò tí ì gbówó lórí. Owó tí mo ń tọ́jú fún aṣọ ọdún la fi dí iye garawa méjì tó kù.

Ọkùnrin aláwò ojú rántí wa. Ó ní, "Ìyá, ẹ káàbọ̀. Ẹ pẹ́." Ìyá tú owó nínú gèlè, ó kó o sórí pẹpẹ, àmọ́ kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó ní, "Kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi." Ọkùnrin náà ṣí i. Ìyá wo inú rẹ̀ fínnífínní, kò sí òwú, kò sí ẹyin ọmọńlé. Ọkùnrin náà tún kọ nǹkan sórí ìwé kan, ó ní garantí ni, pé tó bá dákẹ́ kí ọdún tó yí po, kí a gbé e wá.

Ìyá ní, "Ta ni mo máa bá níbí?"

"Èmi ni, Ìyá. Ibí náà ni mo máa wà."

Ìyá wá gbé ọwọ́ kúrò lórí owó. Lónìí, àwọn ọmọ ọmọ mi ń lọ ra fóònù ní Ìgólò, wọ́n á ní, "Ìyá àgbà, ìdajì owó la fi rà á." Mi ò bá wọn jà. Mo kàn máa ń bi wọ́n pé tó bá dákẹ́, ta ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Àwọn kan ń ronú sí i. Àwọn kan ní mo ti darúgbó. Ọ̀kan nínú wọn ti ra ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì ṣì ń sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ni òun rà á.

Lọ́jọ́ náà ní bùtíkì, mo rò pé ó ti parí, mo ti ń gbé rédíò. Ìyá ò mira. Ó ní, "Èènì mi dà?"

Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ìyá, a kì í ṣe èènì ní bùtíkì. Pílì ẹyọ kan pàápàá, ọ̀gá ti kà á."

Ìyá ní, "Mi ò tọrọ ohun ọ̀gá rẹ. Ohun tó jẹ́ tìrẹ ni kí o fún mi. Ọkọ mi ò ríran. Tí ìyàwó yìí bá lọ sódò, tí èmi wà lọ́jà, ta ló máa wá ojú ọ̀nà Kútọnu fún un nínú nǹkan yìí?"

Àwọn oníbàárà méjì ti wà lẹ́yìn wa. Ọkùnrin náà gba rédíò lọ́wọ́ mi, ó wo kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń yí láti wá ohùn. Ó yí i títí ó fi bá Kútọnu, ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó sì fá àmì kan sára kẹ̀kẹ́ náà níbi tí àtàǹpàkò ń bà. Ó tún yí i dé Ìbàdàn, ó fá méjì síbẹ̀. Ó wá pa ojú méjèèjì dé, ó fi àtàǹpàkò wá àmì wọn. Èkíní kò jinlẹ̀ tó lójú rẹ̀, ó tún un fá. Àwọn oníbàárà ń kùn, kò dá wọn lóhùn. Ó tún pajú dé, ó wá a, ó rí i. Ó gbé e fún Ìyá.

A jáde. Ẹsẹ̀ kẹrin la dé tí ohùn kan ké láti ẹ̀yìn wa: "Ìyá, ẹ padà wá." Ìwé garantí la gbàgbé sórí pẹpẹ. Mo sáré lọ gbà á. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Ìyá, ó dúró sójú kan láàárín òpópónà, ẹnu rẹ̀ ò pa dé fún ẹ̀rín. Ó ní, "O gbọ́? Ó pè mí padà."

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ la délé. Bàbá wà lórí ẹní rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ìyá jókòó tì í, ó sọ fún un pé a ti ra òmíràn. Kò yíjú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bi í, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń béèrè nílùú wa, "Èló?"

Ìyá lè dín in kù, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀. Ó ní, "Garawa mẹ́wàá."

"Èló ni wọ́n pè é?"

"Mẹ́wàá ni wọ́n pè é."

Bàbá yí padà pátápátá. Ó kọjú sí ibi tí ohùn ìyàwó rẹ̀ wà. "Ìwọ? O ò ná an?"

"Mi ò ná an."

Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó sọ̀rọ̀. "Wọn ò wá fún ọ ní èènì?"

Ìyá mú àtàǹpàkò Bàbá, ó gbé e lé àmì tó wà lára kẹ̀kẹ́ náà. Bàbá fọwọ́ pa á, ó tún fọwọ́ pa á. Ó yí i, ó bá àmì kan, ohùn Kútọnu kún yàrá. Ó yí i síwájú, ó bá méjì, Ìbàdàn dáhùn. Ó yí i padà sí Kútọnu fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ràn án lọ́wọ́. Ó gbé rédíò náà sáyà, ó sì ń fi ọwọ́ kejì wá etí ẹní rẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó, bá mi gbé ẹní yìí síta."